Ẹ Bi Màmá Olùkọ́: Ìtàn Kan, Ilé Ìwé Mẹ́jọ

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Èmi náà máa ń fá ìpẹ́, mo sì ń gé ẹja fún àwọn oníbàárà tí kò bá sí ilé ìwé. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ẹja tí mo bá bá ẹyin nínú rẹ̀ sí. Ìtàn ọjà yìí ni mo fi kọ àròkọ Common App, ìyẹn ìkànnì tí èèyàn ti lè fi fọ́ọ̀mù kan wá ààyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, torí pé mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú omi ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwé mẹ́jọ ni mo yàn, wọ́n sì tún ń béèrè oríṣiríṣi: àwùjọ tí mo ti wá, ìṣòro tí mo borí (mo ń rò ó pé kí n kọ bí owó ṣe ṣòro fún ìyá mi), ìdí tí mo fi yan àwọn. Yunifásítì California tún ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá lo ìtàn kan náà káàkiri, olè ni. Olùkọ́ wa ní kí n ṣáà máa dà á kọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ọmọ mi, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé èèyàn kì í jí ẹrù ara rẹ̀. Ohun tí Common App kà sí jìbìtì ni kí o gba iṣẹ́ ẹlòmíràn kí o pè é ní tìrẹ, tàbí kí o jẹ́ kí AI bá ọ kọ ọ́ kí o wá fi orúkọ rẹ sí i. Àròkọ àgbà tiwọn, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀ tí kò sì gbọdọ̀ ju 650 lọ, ẹ̀ẹ̀kan lo máa kọ ọ́, gbogbo ilé ìwé tó bá béèrè rẹ̀ lórí Common App ló sì máa kà á. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ yín náà kò sọ ọ́ tán. Ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, inú fáìlì kan náà ni àròkọ àgbà àti àwọn kéékèèké tí wọ́n fi kún un máa ń wà. Tí òǹkàwé bá bá ọ ní Olúwo nínú èkíní, tó tún bá ọ níbẹ̀ nínú èkejì, tí o ṣì ń fá ìpẹ́, á ní kí ló tún kù tí ọmọ yìí mọ̀? Ìtàn kan lè dé ilé ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò gbọdọ̀ dé ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Torí náà, tí ọjà bá ti gba àròkọ àgbà, wá àwùjọ gba ibòmíràn. Tó bá jẹ́ ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni yín, ìyẹn ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ ọba Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́, ọdún Káyókáyó tí ẹ fi ń rántí dídé wọn ń bẹ. Má wulẹ̀ kọ ìtàn bí Kòsọ́kọ́ ṣe kúrò ní Èkó lẹ́yìn ogun 1851. Ìyẹn wà nínú ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọ ṣe lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń fún ọ níṣẹ́, èyí tí o máa ń sá fún, ìyẹn ni kí o sọ.

Ti ìṣòro yẹn bí mi nínú díẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ìyá rẹ ni ìṣòro? Mo ti ka àròkọ àwọn ọmọ àdúgbò mi tó pọ̀, bí wọ́n bá ti rí ìbéèrè yìí báyìí, òbí wọn á di òtòṣì, ilé wọn á máa jò. Àròkọ WAEC tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ yín, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀, o lè hùmọ̀ ìtàn sínú ìyẹn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Má fi ìyá rẹ tọrọ bárà. Tí ilé ìwé náà bá jẹ́ kí o yan ìbéèrè, yan òmíràn.

California kì í lo Common App, wọn kò ní rí àròkọ àgbà rẹ rárá, nítorí náà ọjà lè padà wá níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́jọ ni wọ́n kọ sílẹ̀, mẹ́rin lo máa mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 350 ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń béèrè ẹ̀kọ́ tó wù ọ́ jù àti ohun tí o ti ṣe lórí rẹ̀. Ìwé ẹyin ẹja rẹ rèé! Ó yà mí lẹ́nu pé o kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá lọ. Irú ẹja wo ni? Oṣù wo ni ẹyin máa ń pọ̀? Kí ni àwọn ìyá ọjà sọ nípa rẹ̀, ṣé ohun tí o kọ sílẹ̀ bá tiwọn mu? Má jókòó ti àròkọ 650 kí o máa yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ títí yóò fi ku 350. Pa á tì, mú ìwé ẹyin yẹn dání, kí o kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta tó kù, kí wọ́n má ṣe tún wọ Olúwo. Kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù, jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀ pé California kì í fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní owó ìrànwọ́ nítorí pé ilé rẹ̀ kò lówó. Fún èmi o, mi ò ní kọ́kọ́ náwó síbẹ̀.

“Kí ló dé tí o yan wa” kò ṣeé gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìwé kan ti máa ń já sínú àròkọ ilé ìwé míì. Wá ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà àti etíkun níbẹ̀, wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Tí o kò bá rí nǹkan kan tó wù ọ́, yọ ilé ìwé náà kúrò.

Màmá, ọmọ mi ti kọ àròkọ Amẹ́ríkà kan tó dùn gan-an, nípa bó ṣe máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Ṣé ó lè fi òun náà ránṣẹ́ sí England?
Bàbá Tóbi, Ìkòròdú

Rárá o, Bàbá Tóbi. Ìdí tó fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ náà ni UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì ibẹ̀, ń béèrè, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé. Láti orí àwọn tó wọlé ní 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni: ìdí tó fi fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, bí ohun tó ti kọ́ nílé ìwé ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tó ti ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4,000 lẹ́tà lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ìṣirò náà, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350 lẹ́tà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi yẹn ló mú un fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ní kó fi ìlà méjì sọ ọ́ ní ìbéèrè kìíní. Kó má sì dárúkọ yunifásítì kankan, torí pé ohun kan náà ni márààrùn-ún tó bá yàn máa kà.