Ìwé ọnà àjọṣe láti inú bébà àtijọ́: ẹ̀yìn ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á lè bá wa lọ, ohun tí ẹ béèrè nìyí: ẹ̀yin mẹ́jọ, àwọn kan n'Íbàdàn, àwọn kan l'Ékòó, méjì ní London, ẹ fẹ́ fi bébà àti aṣọ àtijọ́ ilé yín ṣe ìwé ọnà. Ẹ ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ìwé náà ò pa dé, ó yanu sílẹ̀, ojú ìwé kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, bébà ìròyìn sì ti fi àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ sára èyí tó kọjú sí i. Ẹ wá ní ṣé gọ́ọ̀mù ni kò dáa.

Gọ́ọ̀mù ní ẹjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ya ìwé yín lẹ́nu. Ìwé tó bá yanu, ẹ̀yìn rẹ̀ (ibi tí a ti rán an) ló tínrín ju iwájú rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ojú ìwé ló ń mú kí iwájú nípọn sí i, ẹ̀yìn tí òwú ti dì mú ò sì kúrò níbi tó wà. Mílímítà kan péré nínú ìdì kọ̀ọ̀kan (ìdì ni àwọn ewé tí a ká sínú ara wọn tí a sì rán pọ̀), tí ìdì bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ti di mílímítà mẹ́jọ. Nígbà tí èèyàn mẹ́jọ bá sì ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó ń rí àròpọ̀ rẹ̀ títí tí wọ́n á fi kó o jọ. Ẹ fẹnu kò lórí ẹ̀yìn ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ba àárín ọ̀rẹ́ jẹ́ ju gọ́ọ̀mù lọ: ọ̀dọ̀ ta ni ìwé náà máa wà? Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ. Kí kálukú ṣe ìdì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí ẹnì kan gbà á jọ, kó rán an, kí kálukú sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé. Kì í ṣe àṣejù. Ní Matanzas ní Kúbà, ìlú tí àṣà Lùkùmí (ti àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀) ti fìdí múlẹ̀ gan-an, Rolando Estévez àti Alfredo Zaldívar dá ilé iṣẹ́ Ediciones Vigía sílẹ̀ ní 1985. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n máa ń ṣe nínú ìwé kan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń fọwọ́ kùn, tí wọ́n ń fọwọ́ lẹ àjákù bébà àti òwú mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Bí ẹ bá gba ti ẹ̀dà mẹ́jọ, ìṣòro bébà ìròyìn ti yanjú tán nìyẹn, torí ojúlówó kan ò lè wọ inú ìwé mẹ́jọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 300 dpi (iye àmì nínú ínṣì kan). Sítáǹbù àti fọ́tò kéékèèké, 600. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tàbí fọ́tòkọ́pì ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà ẹ̀rọ inkjet (èyí tó ń lo tàdáwà olómi) máa ń ṣàn bí omi gọ́ọ̀mù bá kàn án. Ti lésà kì í ṣàn, àfi pé ó máa ń sán bó bá bọ́ sójú ìká (ibi tí a ti ká bébà), nítorí náà ẹ má gbé àwòrán gba ojú ìká kọjá. Ojúlówó bébà ìròyìn ní ásíìdì nínú, lignin tó wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é ló ń pọ́n bí iná àti afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó sì ń kó ràn bébà tó bá kọjú sí i. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè wo ìyẹn sàn. Ilé ni kí ojúlówó wà, nínú àpò ìwé tirẹ̀. Lẹ́tà bàbá àgbà àti káàdì ìpè ìgbéyàwó ọdún gbọọrọ náà ń kọ́: ẹ má fi abẹ gé ohun tí kò ní èkejì.

Ó wá ku bébà. Ẹ ra bébà funfun gíráàmù 150 (gsm ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀) tí kò dán, kó jẹ́ A3, kó sì jẹ́ pé inú páálí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ìdí tí mo fi ní A3 ni pé bébà ní fọ́nrán, fọ́nrán náà sì kọjú síbì kan. Nínú A4 tí wọ́n ń tà káàkiri, ó sábà máa ń tọ gígùn bébà. Tí ẹ bá wá ká irú A4 bẹ́ẹ̀ sí méjì kó di A5, ẹ ti ká a dábùú fọ́nrán. Ojú ìká á sán, ewé ò ní fẹ́ sùn sílẹ̀, bí omi gọ́ọ̀mù bá sì kàn án, á ká gbúnkungbùnkun lẹ́bàá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí fọ́nrán bá tọ gígùn A3, tí ẹ gé A3 yẹn sí méjì, fọ́nrán á wá tọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ sẹ́ńtímítà 21, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ìká. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rọra tẹ bébà lóròó, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbùú, láìká a pa. Ìlà ìtẹ̀ tí kò bá bá yín jà ni fọ́nrán tọ̀.

Ìdì kan jẹ́ A4 méjì tí a ká sínú ara wọn: ewé mẹ́rin, ojú ìwé mẹ́jọ. Ìdì mẹ́jọ nínú ẹ̀dà mẹ́jọ gba A4 128. Ẹ tún gé ọ̀já 128 tó fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 5, tó ga ní 21; A4 kan ń bí ọ̀já márùn-ún, nítorí náà ó gba A4 26. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 154, ìyẹn A3 77. Ẹ ra 85, torí ẹnì kan á ṣáà da tíì sí tirẹ̀.

Ọ̀já wọ̀nyí ni oògùn ìwé tó ń yanu. Ẹ ká a sí méjì, ẹ fi ọ̀kan sáàárín A4 méjèèjì, ẹ fi èkejì sí gbùngbùn ìdì. Bébà gíráàmù 150 nípọn tó bíi 0.2 mm. Ní ẹ̀yìn, ewé mẹ́rin pẹ̀lú apá ọ̀já mẹ́rin jẹ́ 1.6 mm, níwájú, ewé mẹ́rin péré ló wà, 0.8 mm. Ìyàtọ̀ 0.8 mm yẹn ni gbogbo àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bébà fọ́tòkọ́pì gíráàmù 80 nípọn tó bíi 0.1 mm, nítorí náà ẹyọ kan lórí ojú ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àyè ti kún nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ méjì léra, kó fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo tàbí kó fi ọ̀já kún un. Aṣọ òkè lè tó 1 mm fúnra rẹ̀. Ọ̀já páálí 1 mm ni kẹ́ ẹ fi kún ẹ̀yìn ìdì tí aṣọ náà bá wà, ojú kan ṣoṣo sì ni kó ti hàn nínú ìdì kan.

Ẹ̀yìn tí mo gbà yín nímọ̀ràn kì í ṣe èyí tí a fi gọ́ọ̀mù pọn pa. Ẹ mú páálí fẹ́lẹ́ gíráàmù 250 tó ga ní sẹ́ńtímítà 21, tó gùn ní 47, kí fọ́nrán rẹ̀ tọ 21. Ẹ fi pẹ́ńsùrù pín in sí awẹ́ 16: méjì ìpẹ̀kun fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 6, 14 tó wà láàárín fẹ̀ ní 2.5. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí kò mú fa ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ká a, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ká a lọ ká a bọ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ìká mẹ́jọ á kọjú sẹ́yìn, méje á kọjú síwájú. Inú ìká mẹ́jọ tó kọjú sẹ́yìn ni ẹ ó rán ìdì mọ́, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Awẹ́ méjì tó gbé ìdì sáàárín tún ń fi bíi 0.6 mm kún ẹ̀yìn, èrè orí owó nìyẹn. Àwọn awẹ́ ìpẹ̀kun ni ẹ ó lẹ̀ mọ́ inú èèpo ìwé.

Ìránṣọ Kọ́pítíkì (ọ̀nà ìránwé àtijọ́ láti Íjíbítì) tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn lẹ́wà, ó sì ń ṣí pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ìdì kan so kọ́ èkejì nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pẹ́, gbogbo yín ti pẹ́ nìyẹn. Bí tirẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ ó tú gbogbo rẹ̀. Nínú ẹ̀yìn oníká yìí, òwú ìdì kan ṣoṣo ni ẹ ó tú. Fún iṣẹ́ àjọṣe, mi ò ní dábàá ẹ̀yìn mìíràn.

Ihò mẹ́ta tó: sẹ́ńtímítà 3, 10.5 àti 18 láti òkè. Ẹnì kan náà ni kó lu gbogbo ihò, kó fi páálí kan ṣe òṣùwọ̀n. Bí èèyàn mẹ́jọ bá lu ihò mẹ́jọ, wọn ò ní bára dọ́gba láéláé. Ìlu oníbàtà dáa, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó tínrín. Ihò tó bá ju òwú lọ á jẹ́ kí ìdì máa yọ̀. Òwú oníbàtà tó fẹ́lẹ́ jù lọ, 60 sẹ́ńtímítà fún ìdì kan, kẹ́ ẹ fi ìda oyin pa á. Láti inú, ẹ gba ihò àárín jáde. Ẹ gba ti òkè wọlé. Ẹ fo àárín, ẹ gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ padà gba àárín wọlé. Kí ìdí òwú àti orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti apá òsì òwú gígùn tó wà nínú, kẹ́ ẹ tó ta á ní kókó. Ẹ máa fa òwú tọ ojú ìká. Bí ẹ bá fà á sókè, bébà á ya.

Òfin tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kò sóhun tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ojú ìká ju sẹ́ńtímítà 2 lọ, tàbí etí ìwé ju mílímítà 5. Ohun tó bá nípọn, ẹ pín àyè rẹ̀: ẹni kìíní gbé e sókè lápá òsì, ẹni kejì sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí bọ́tìnnì mẹ́jọ bá to léra lójú kan náà, ìwé á ní iké. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ yín wọnú ara wọn, ẹ ya eré àwọn Surrealist (ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àti akéwì) ní Paris lò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1925: kí kálukú jẹ́ kí ìlà àwòrán rẹ̀ dé etí ojú ìwé tó kẹ́yìn, kó ya fọ́tò sẹ́ńtímítà kan péré níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tẹ̀lé e, kí ìyẹn bá ìlà náà lọ láìrí ìyókù.

Ó di orí gọ́ọ̀mù. Fún bébà, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi ń na aṣọ ló dáa jù, torí omi lè tú u bí ẹ bá ṣì í lẹ̀. Ife sítáàṣì kan, omi ife márùn-ún. Ẹ fi ife omi tútù kan pò ó kó má bàa ní kókó, ẹ gbé mẹ́rin yòókù kaná, ẹ da èyí tí ẹ pò sí i, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí tí á fi mọ́ gaara. Bó bá tutù, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Bó bá ti ń kan, ẹ dà á nù. Ẹ má fi ògì tàbí láfún rọ́pò rẹ̀: ohun tí a ti rẹ tó kan ni méjèèjì, kíkan yẹn sì ni ásíìdì tí à ń sá fún lára bébà ìròyìn. Ẹ̀kọ aláàdìrẹ náà ò bá a mu, torí álọ́ọ̀mù tó ń wà nínú rẹ̀ náà ń mú ásíìdì wá. Gọ́ọ̀mù funfun PVA, ẹ fi sílẹ̀ fún páálí èèpo àti aṣọ. Bó bá ti gbẹ, ó ti parí.

Ẹ fi sítáàṣì pa bébà, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kó wú tán kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibi tó ti ń wú ni á ti máa ṣe róbótó-róbótó. Ojú ìwé yín tó lẹ̀ mọ́ra, tútù ni ẹ pa á dé. Ẹ fi ọ̀rá sáàárín ojú ìwé méjì, ẹ fi bébà funfun tó mọ́ lé e (kì í ṣe bébà ìròyìn, tàdáwà rẹ̀ á kó ràn án), ẹ gbé bíríkì méjì tí ẹ ti fi aṣọ wé sórí rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ bébà funfun náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn wákàtí kan, kó tó di pé ẹ fi sílẹ̀ sùn. Lásìkò òjò, ọjọ́ kan ò ní tó. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: bó bá ṣì tutù, omi wà nínú rẹ̀, bó bá sì bu, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ nù ún.

Aṣọ òkè máa ń tú létí. Ẹ lẹ bébà fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gé e. Àǹkárá tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú. Àdìrẹ aláró, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù ra á: bí aró bá jáde, ẹ wá bébà fẹ́lẹ́ kan fi dí ojú ìwé tó kọjú sí i.

Èèpo àwo orin àtijọ́ ṣe èèpo ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n kò le tó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí 2 mm tí ẹ gé ní sẹ́ńtímítà 15.4 sí 21.6, kẹ́ ẹ sì lẹ bébà mọ́ òdì kejì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó má bàa tẹ̀ síbì kan.

Ẹ yọ píìnì tó ti dógùn-ún. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù rárá. Rìsíìtì POS máa ń pa rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Fọ́tò gidi, igun bébà kéékèèké mẹ́rin ni kó dì í mú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ lẹ náírà mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka bíba owó jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. 

Bébà tàbí aṣọ tó bá ti inú àpótí ògbólógbòó jáde, ẹ wo bóyá ìyẹ̀fun kòkòrò wà lára rẹ̀. Bó bá wà, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi sí fírísà ní -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì; bí iná bá lọ tó yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ọ̀rá náà fún wákàtí 24, kí omi má bàa sẹ̀ sórí bébà. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn sí i.

Àwọn méjì tó wà ní London, ẹ fi bébà tí ẹ ti gé, tí ẹ ti lu ihò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já rẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n dá a padà láìrán, ní títẹ́, láàárín páálí méjì, nínú ọ̀rá.