Èsì ọjọ́ 12, àti dáríẹ́kítọ̀ tó ní kò sí kọ́ńdọ̀mù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Iṣẹ́ fíìmù àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ẹ má bínú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a fẹ́ ya ọ̀kan, ọkùnrin tí a jọ máa ṣe é ti fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ nẹ́gẹ́tíífù, ọjọ́ 12 sẹ́yìn ló ṣe é. Dáríẹ́kítọ̀ ní kò sí kọ́ńdọ̀mù nínú ẹ̀, pé tí mi ò bá fẹ́, ẹlòmíì wà. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Kò sí ẹ má bínú nínú ẹ̀ jàre, iṣẹ́ yín lẹ béèrè. Ẹ má tíì gbà o, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn ò dáa tó.

Ìwé tẹ́ ẹ rí yẹn, bí ara ẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, ìyẹn gan-an kò sì sọ ọ́ tán. Tí HIV bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara èèyàn, àyẹ̀wò tó tètè ń rí i jù máa ń tó ọjọ́ 10 sí 33 kó tó rí i, èyí tí wọ́n kàn ń gún lóríka lè tó ọjọ́ 90. Ní 2004 ní Los Angeles, òṣèrékùnrin kan ti ìrìn àjò dé, ó ṣàyẹ̀wò, nẹ́gẹ́tíífù, ó bá ń bá iṣẹ́ lọ, àṣé ó ti kó o bọ̀, kó tó di pé wọ́n rí i lára ẹ̀ obìnrin mẹ́ta tó bá ṣiṣẹ́ ti gbà á. Ìwé ò purọ́ o, ó kàn tètè sọ̀rọ̀ ni. Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣàyẹ̀wò nígbà yẹn, ní báyìí ọjọ́ 14 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ wá ṣírò ẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ èsì tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti mú nǹkan tí wọ́n yẹ̀ wò. Àtọ̀sí àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, máa ń sá pamọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun àti ihò ìdí, kò ní dun èèyàn, kò ní yún un, tó bá jẹ́ ìtọ̀ nìkan ni wọ́n gbà, kò lè hàn. Mo ti rí ẹni tí ìtọ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní tí a fi òwú nu ọ̀fun ẹ̀ tí àtọ̀sí jáde. Ẹ ní kó ṣí èsì náà fún yín látorí sáìtì lábù fúnra ẹ̀, torí fọ́tò orí fóònù, ọmọdé lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ "ẹlòmíì wà" yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó gbà torí pé owó ilé ti fẹ́ pé, kò tíì gbà nǹkan kan. Ẹni tó ń jó irin, ọ̀gá ẹ̀ ló ń ra gíláàsì ojú fún un, owó àyẹ̀wò àti kọ́ńdọ̀mù náà, ẹni tó máa ta fíìmù ló yẹ kó san án. Mi ò ní kí ìjọba fi òfin fipá mú gbogbo yín lo kọ́ńdọ̀mù o, ní 2016 tí wọ́n dìbò lórí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní California, àwọn òṣèré gan-an pọ̀ nínú àwọn tó ta kò ó, òfin yẹn sì ṣubú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu òṣèré ló yẹ kí ìpinnu náà ti jáde, kí wọ́n má sì gé owó ẹ̀ torí ẹ̀.

PrEP, oògùn tí èèyàn ń lò ṣáájú kó má bàa kó HIV, ń kọ́? Ó dáa gan-an, àmọ́ HIV nìkan ló ń dènà, àti pé fún obìnrin ẹ ní láti lò ó lójoojúmọ́ fún bí ọjọ́ 21 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ sì gba àjẹsára mẹ́dọ̀wú B àti ti HPV, kòkòrò tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tẹ́ ẹ ò bá tíì gbà á.

Ẹ fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí dáríẹ́kítọ̀ lónìí, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti tan iná tí gbogbo èèyàn ń wojú yín. Ẹ ní àyẹ̀wò tuntun, ọ̀fun àti ìdí pẹ̀lú, àti kọ́ńdọ̀mù. Tó bá gbà, ẹ má fi òróró tàbí fasilíìnì sí i, ó ń jẹ rọ́bà, èyí tí wọ́n fi omi ṣe ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀ tí iṣẹ́ bá pẹ́. Tó bá já, ẹ má sùn lé e lórí, oògùn PEP wà, èyí tó ń dènà HIV lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ máa lò fún ọjọ́ 28, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.