Ẹ Bi Bàbá Onípáálí: Ṣé Ọkọ̀ Ni Wọ́n Ń Rà, àbí Páálí?

*Bàbá, okun o. Àǹtí mi tó wà ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú ìyá òyìnbó arúgbó kan. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí àǹtí mi mú ohun tó bá wù ú nínú àwọn ẹrù àtijọ́. Ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù tó fi ránṣẹ́ sí wa. A bá ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké 11 nínú rẹ̀, káàdì ṣì wà lẹ́yìn wọn, ike ṣì bò wọ́n. Ọmọláńgidi méjì wà nínú páálí, àti ère tíńtín kan lórí káàdì tirẹ̀, tó fi aṣọ aláwọ̀ igi borí bí àwọn bàbá ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà. Ọmọ mi ọdún mẹ́fà kò jẹ́ ká sùn mọ́ nítorí àwọn ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Lọ́kọ́ja sọ pé tí a bá já ẹyọ kan, owó ni a jù sígbó yẹn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ta ló ń ra páálí? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìsánlú.*

Okun, ìyàwó wa. Ẹ kú oríire dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má tíì já nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Kí n tó padà wá sílé ní Kabba, mo ní ìsọ̀ ní Yábàá l'Ékòó, òkìrìkà ohun ìṣeré ni mò ń tà. Ní 1996, mo tú bélì kan, mo bá ọkọ̀ aláwọ̀ elésè-àlùkò kan nínú rẹ̀, ó ṣì wà lórí káàdì. Eruku bo ike rẹ̀, mo sì rò pé oníbàárà ò ní rí i dáadáa. Mo fi bíléèdì la ike náà, mo ju káàdì sí ààtàn, mo fi òróró díẹ̀ nu ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán, mo gbé e síwájú tábìlì. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan dúró. Ó gbé e, ó yí i padà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ilà pupa róbótó tó wà lára táyà rẹ̀. Kò bèèrè iye. Ohun tó bèèrè ni pé, "Bàbá, káàdì rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní mo ti dà á nù. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó san 300 náírà, ó ní ká ní káàdì wà, 5,000 ni òun ì bá san. Mo fi ẹni tí yóò ṣọ́ ìsọ̀ sílẹ̀, mo sáré dé ààtàn. Wọ́n ti kó o. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìsọ̀ ti ń pè mí ní Bàbá Onípáálí, orúkọ náà sì tẹ̀ lé mi dé Kabba.

Torí náà, ọkọ yín: wọ́n ń ra páálí. Kódà, wọ́n ti ta páálí òfìfo rí. Ní Kérésìmesì 1977, fíìmù Star Wars ti gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Kenner tó ní àṣẹ àtiṣe ère rẹ̀ kò tíì rí ère kankan ṣe tán. Wọ́n ta àpò páálí pẹlẹbẹ tó ní ìwé ẹ̀rí nínú: kí òbí fi ìwé náà ránṣẹ́, ère mẹ́rin yóò tọ ọmọ rẹ̀ wá nínú ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ṣí ẹ̀bùn lárọ̀ọ́ Kérésì, ó bá páálí àti ìlérí. Lónìí, owó gidi ni wọ́n fi ń wá àpò páálí yẹn.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Mattel gbé Hot Wheels, irú ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké yẹn, jáde ní 1968, oríṣi 16 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wo ni yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí kò ní fa ike rẹ̀ ya kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù? Ọkọ̀ náà, irin ni, ó lè pẹ́ láyé lábẹ́ àga. Káàdì, ilẹ̀ ni wọ́n gbá a mọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ àtijọ́ ṣì pọ̀ káàkiri, èyí tó ṣì wà lórí káàdì ni kò pọ̀.

Ìdí kejì ni pé ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì já ń jẹ́rìí. Ibí yìí ni ère yín tó fi aṣọ borí ti mú kí n yọ awò ojú mi, kí n nù ún, kí n tún lẹ́tà yín kà. Tí ẹ bá rí orúkọ Jawa, ọ̀kan nínú àwọn ère Star Wars, lórí káàdì rẹ̀, tí ẹ sì rí orúkọ Kenner, ẹ gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ wo aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ike. Ṣé aṣọ òwú ni, àbí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Ní 1978, ike ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀wù fún Jawa. Ère náà kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, iye kan náà sì ni wọ́n ń tà wọ́n, ẹ̀wù ike yẹn wá jẹ́ kó dà bí ohun yẹpẹrẹ. Láìpẹ́ wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ. Aṣọ ló pọ̀ lóde, elẹ́wù ike ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gé ẹ̀wù ike Ben Kenobi, ère mìíràn nínú ọ̀wọ́ kan náà, kó kúrú, wọ́n á gbé e wọ Jawa. Bí Jawa bá ti kúrò lórí káàdì, o ní láti jà kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀wù rẹ̀ ni ẹ̀wù rẹ̀. Bí ó bá ṣì wà lẹ́yìn ike tí kò tíì já, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tí tiyín bá jẹ́ ike, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ pe Àǹtí lálẹ́ yìí.

A mọ irú èyí nílé wa. Aṣọ ipò tí wọ́n ń hun ní Bùnú, inú àpótí ló ń gbé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin àgbà. Tí ẹnì kan bá gé e rán ṣòkòtò, òwú náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún pè é ní ipò?

Àwọn tó ń ṣa nǹkan wọ̀nyí jọ le koko. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n fún ohun ìṣeré ní máàkì lọ. AFA ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n á yẹ káàdì àti ike wò, wọ́n á fún un ní máàkì nínú 100, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí ike líle. Ẹ wo òkè káàdì ọkọ̀ yín, ibi ihò tí wọ́n fi ń fi í kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn, róńdò páálí kékeré tó yẹ kó ti bọ́ kúrò nínú ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọn ò fi í kọ́ rí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó kún owó nítorí róńdò tí kò tó èékánná yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ìka tì í. Sítíkà iye owó tó bá lẹ̀ mọ́ káàdì, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá fà á, awọ káàdì á bá a ṣí.

Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní Lọ́kọ́ja. Òun náà ò jàre tán. Páálí kì í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò wá di ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ wo táyà ọkọ̀ mọ́kànlá yẹn. Èyí tó bá ní ilà pupa, ti ọdún 1968 sí 1977 ni, ẹ gbé e sápá kan. Èyí tó bá ní táyà rọ́bà gidi, ọ̀dà tó ń tàn bíi dígí àti lẹ́tà TH (Treasure Hunt, oríṣi tó ṣọ̀wọ́n) lára, ẹ gbé òun náà sápá kan. Àwọn yòókù lè jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń ta ní dọ́là kan àti díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún títí di òní. Ẹ mú ọ̀kan nínú ìyẹn, ẹ já a, ẹ gbé e fún ọmọ, kí ẹ lè rí oorun sùn.

Àwọn ọmọláńgidi yín ńkọ́? Ẹ ò sọ ohun tí wọ́n kọ sí páálí wọn. Tó bá jẹ́ Barbie Kérésìmesì tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ọdún rẹ̀ máa wà lára páálí. Ti 1988 ló ṣáájú, wọ́n sì ń wá a. Àwọn ti ìparí àwọn ọdún 1990 síwájú, ẹ má retí púpọ̀, bí páálí wọn tilẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ nígbà náà pé owó wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù rà á, olúkúlùkù fi pamọ́, kò sẹ́ni tó já tiẹ̀. Ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ ta ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni Beanie Babies, àwọn ẹranko aláṣọ tí ilé iṣẹ́ Ty ń ṣe láti 1993. Àwọn àgbàlagbà ń ra ike bo káàdì ọkàn pupa tó wà létí wọn kó má baà ká. Nígbà tó fi di ọdún 2000, ọjà náà ti dẹnu kọlẹ̀. Káàdì etí kò ká, owó ni kò sí.

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín, ìyàwó wa. Ẹrù yìí ti kọjá òkun wá síbi tí oníbàárà rẹ̀ kò sí. Mo lè rin ọjà Kabba já lọ́jọ́ ọjà kí n má rí ẹni tí yóò fi 2,000 náírà lé ère Jawa. Àwọn olùrà wà lọ́dọ̀ Àǹtí. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó lọ wò ó lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n ti tà á ni kí ó wò, kó fi iye tí wọ́n ń bèèrè sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè bèèrè mílíọ̀nù. Èyí tó bá níye lórí, ẹ dúró de December tí àwọn ọmọ wa máa ń wá sílé láti òkè òkun, kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán gbé e padà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀.

Títí dìgbà náà, ẹ má gbé e sí àjà. Páànù wa lóṣù kẹta lè sọ ara ọmọláńgidi di ohun tó ń làágùn, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Oòrùn á sọ ike funfun di aláwọ̀ ìyeyè. Ọyẹ́ á gbẹ gọ́ọ̀mù, ike á ṣí fúnra rẹ̀, ẹ óò wá máa bá ọmọ jà lásán. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù káàdì, ikán ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀wọ́n. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá tí oòrùn ọ̀sán kì í wọ̀. Káńfọ̀ róbótó tí à ń jù sáàárín aṣọ, ẹ má fi sí i o, ó lè mú kí ike mìíràn rọ̀.

Bí ọmọ bá sì lọ já ọ̀kan kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ má lù ú. Ẹ kó káàdì, ike, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi dè é àti ìwé inú rẹ̀ pa mọ́ pọ̀. Owó rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní tán. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà kó ní kò já rí. Àwọn tó ń ṣa nǹkan wọ̀nyí jọ máa mọ̀, wọn ò sì ní ra ìyókù mọ́.

*Bàbá, mo ra Barbie kan tí kò ní páálí ní Lọ́kọ́ja. Ó kọ 1966 sí i lẹ́yìn. Ẹni tó tà á ní ó ju ọmọ 50 ọdún lọ. Ṣé kí n gbé e pa mọ́? — Ọmọ Owé, Kabba.*

Ọmọ Owé, ọdún tí wọ́n gba àṣẹ lórí ara ọmọláńgidi yẹn ni 1966. Ara kan náà ni Mattel lò títí wọ àwọn ọdún 1990, nọ́ńbà náà kò sì yí. Ká ní páálí rẹ̀ wà, òun ni ì bá sọ ọdún rẹ̀ gan-an fún ọ. Wo etí rẹ̀: àwọn ti àwọn ọdún 1960 tó wọ yẹtí irin, etí wọn sábà máa ń di àwọ̀ ewé. Tí etí tìrẹ bá mọ́ tónítóní, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín tó fi eyín hàn, fún àbúrò rẹ obìnrin kó máa fi ṣeré.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi máa pé ọdún kan. Mo fẹ́ ra ọmọláńgidi aláwọ̀ dúdú kan, kí n má já a, kí n tà á fún owó yunifásítì rẹ̀. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? — Bàbá Ìkókó, Egbe.*

Rárá o, àbúrò mi. Owó yunifásítì, wá a níbòmíràn. Ohun tí wọ́n bá rà láti fi pa mọ́ ló sábà máa ń kú sọ́wọ́ ẹni tó fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n rà á. Láti 2007 ni Taofick Okoya ti ń ta àwọn ọmọláńgidi aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Queens of Africa l'Ékòó, Wúràọlá sì wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá tó wé gèlè. Tí ọmọ rẹ bá pé ọdún mẹ́ta, tí kò ní fi bàtà ọmọláńgidi sẹ́nu mọ́, gbé e fún un, kó fọwọ́ ara rẹ̀ já a. Páálí yẹn nìkan ni kí o fún mi.