Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín: Níbo Ni A Ti Ń Fi Ẹjọ́ Dókítà Sùn?

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn aládàáni ṣe iṣẹ́ abẹ fún àǹtí mi láìṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún wọn, kò sì gba ìfọwọ́sí wọn. Iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí sí rere. Àwọn ará ilé ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó dókítà ni ọkùnrin náà, àti ẹni tó lè bi í léèrè. — Òǹkàwé láti Òṣogbo*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá wa kí àǹtí yín. Ẹni tí òfin fún ní agbára láti bi í léèrè ni ìgbìmọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, tí a mọ̀ sí MDCN, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Òfin ọdún 1988 ló gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1963. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gan-an ni ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo dókítà sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bó ti wù kí aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ tó, kì í ṣe dókítà lójú òfin.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde ní yunifásítì, ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ ni ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ fún un. Òun ni yóò fi ṣe house job fún oṣù 12 lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, ní ilé ìwòsàn tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kí wọ́n tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ọdọọdún ni ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tuntun, kì í sì í ṣe owó nìkan ni yóò fi gbà á: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ mọ̀ sí. Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí ẹ bi ìgbìmọ̀: ṣé orúkọ ọkùnrin náà wà nínú ìwé, ṣé ó sì gba ìwé àṣẹ ti ọdún tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà?

Bí ó bá jẹ́ dókítà lóòótọ́, ẹ ní ẹjọ́ tí ẹ lè rò. Nínú ìlànà ìwà iṣẹ́ tí MDCN ṣe fún àwọn dókítà, kíkùnà láti gba ìfọwọ́sí aláìsàn àti kíkùnà láti sọ ewu ìtọ́jú fún un wà lára ohun tí a kà sí àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ fi ìwé ìbúra láti kóòtù tì í, kí ẹ sì so ẹ̀dà gbogbo ìwé ilé ìwòsàn tó bá wà lọ́wọ́ yín mọ́ ọn. Àjọ olùwádìí MDCN ni yóò kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, yóò sì gba ẹnu dókítà náà gbọ́ tirẹ̀. Àjọ yìí kì í dájọ́; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ẹjọ́ wà ńlẹ̀. Tí ó bá wà, ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́, èyí tó lè bá dókítà wí, tó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Àwọn kan ń kùn pé dókítà ló ń dá ẹjọ́ dókítà. Èmi náà rò pé ìkùnsínú yẹn kò ṣàìnídìí, nítorí alága MDCN fúnra rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ onídàájọ́ náà. Ṣùgbọ́n dókítà tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn láàárín ọjọ́ 28, níbi tí àwọn adájọ́ tí kì í ṣe dókítà yóò ti tún un yẹ̀ wò.

Tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé rárá, ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ. Ní ti ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún un ní àṣẹ. Ní Èkó, HEFAMAA ni àjọ tó ń ṣe é.

*Bí wọ́n bá dá dókítà lẹ́bi, ṣé ìgbìmọ̀ yóò mú kí ó san owó gbà-má-bínú? — Ìjẹ̀bú-Òde*

Rárá. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ owó, ẹ sì lè gba ibẹ̀ lọ láìdúró de MDCN. Ẹ tètè rí agbẹjọ́rò: bí dókítà náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè sọ pé ẹjọ́ tí a kò pè láàárín oṣù 3 ti pẹ́ jù.

*Ẹ̀sìn ìyàwó mi kò gbà á láyè láti gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà kan ní òun kò ní tọ́jú wọn, pé tí wọ́n bá kú, ìgbìmọ̀ yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ṣé òótọ́ ni? — Abẹ́òkúta*

Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé, ọkọ rẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Dókítà Okonkwo, tó ń ṣe ẹ̀sìn kan náà, tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá dókítà náà lẹ́bi, wọ́n sì dá a dúró fún oṣù 6. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, nígbà tó sì di ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá dókítà náà láre: àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, dókítà kò sì lè fi ipá mú un. Láti ìgbà náà, ohun tó ń dáàbò bo dókítà ni pé kí ó ṣàlàyé ewu náà yékéyéké, kí aláìsàn sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbọ́, òun sì kọ̀ ọ́. Tí ó bá sọ pé òun kò mọ ọ̀nà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìlo ẹ̀jẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Kí ó tètè darí yín sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí pípẹ́ kí a tó darí aláìsàn wà lára ohun tí ìlànà MDCN kà sí àìbìkítà.

*Òkè òkun ni ọmọ mi ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ kí ó ṣe ìdánwò? — Iléṣà*

Gbogbo ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilẹ̀ òkèèrè ló ń ṣe ìdánwò MDCN, ọmọ Nàìjíríà ni tàbí àlejò. Àwọn yunifásítì tó wà nílé, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ yẹ̀ wọ́n wò kí ó tó fún wọn ní àṣẹ láti kọ́ni. Ti òkèèrè kò sí lábẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló lè yẹ̀ wò. Kí ó tó san owó ìdánwò, kí ó rí i pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé.