Kí ni "fog" túmọ̀ sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lò ó?

"Fog" ni kùrukùru tó nípọn, tó sún mọ́ ilẹ̀, tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Ẹ̀kán omi kíńkínní tó léfòó nínú afẹ́fẹ́ ló ń fà á, bíi ti ìkùukùu ojú ọ̀run gan-an.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní òdiwọ̀n fún un. Bí ojú kò bá ríran tó kìlómítà 1, "fog" ni. Bó bá ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ, "mist" ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu. Ti eruku gbígbẹ kì í ṣe "fog" rárá, "haze" ni.

Wọ́n tún ń lò ó bí ọ̀rọ̀ ìṣe: bí oru omi bá bo dígí, wọ́n á ní ó ti "fog up". "Brain fog" ni kí ọpọlọ ṣe bàìbàì, kéèyàn má lè ronú já gaara. Ẹni tó bá sì sọ pé "I haven't the foggiest", ohun tó ń sọ ni pé òun ò mọ̀ rárá. Àwọn ará Britain ló sábà máa ń sọ èyí.