Ọ̀gá ní ẹni tó bá wọ yúníọ̀n kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a tó bí ọgbọ̀n, iṣẹ́ òru ni tèmi. Tí búrẹ́dì bá jóná tàbí tí ò bá wú, ọ̀gá á pín owó ẹ̀ sórí gbogbo àwa tá a wà nídìí ààrò lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù, kódà kó jẹ́ iná ló lọ. A wá ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ká wọ yúníọ̀n, ọ̀rọ̀ dé etí ọ̀gá, wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kó jókòó sílé ẹ̀. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé yúníọ̀n tiẹ̀ lè gbà wá àbí wọ́n kàn máa jẹ owó wa ni? (Ọmọ ààrò, Tákíè)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú àìsùn. Owó búrẹ́dì tó jóná yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú torí òun ló ká mi lára jù. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ò gba ọ̀gá kankan láyè kó máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí ó ṣàìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lórí ìwé lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Iná tó lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń po fúláwà, ẹni tó sùn sílé lóru ló yẹ kó ra jẹnẹrétọ̀.

Ti yúníọ̀n, ìwé òfin 1999, abala 40, ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́, òfin iṣẹ́ náà sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ lé èèyàn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn àsìkò iṣẹ́ ni òfin dáàbò bò, tó bá jẹ́ àárín iṣẹ́ àfi kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ má ṣèpàdé nígbà tí búrẹ́dì ṣì wà nínú ààrò. Ẹ ò lè dá tiyín sílẹ̀, èèyàn 50 ló kéré jù tó lè fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ àti nǹkan mímu ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹ lè lọ bá wọn.

Mi ò ní tàn yín, òfin sísọ lọ́tọ̀, ohun tí ọ̀gá máa ṣe lọ́tọ̀. Wọ́n lè ní ọjà ò yá mọ́, kí wọ́n fi ìyẹn bojú lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù nínú yín. Kí ẹni tó ń gba owó búrẹ́dì máa wọkọ̀ lọ sílé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ n'Íbàdàn, kó tún gba lọ́yà, ibo ló ti fẹ́ rówó ẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ ti wúlò, wọ́n ní lọ́yà, wọ́n mọ ilé ìjọba tí wọ́n á gbé lẹ́tà lọ, ọ̀gá á sì mọ̀ pé òun ò lè máa mú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹgbẹ́ ò lè ṣe ni kó fipá mú owó jáde níbi tí ò sí, tí fúláwà bá ti gbé owó ọ̀gá lọ lóòótọ́. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó ń pariwo pé ₦80,000 ni owó oṣù tó kéré jù, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, tiyín ni ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024, òun náà ò sì mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, torí náà ẹ ka ara yín dáadáa.

Kí gbogbo yín kọ́kọ́ béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá wọṣẹ́, iye owó, wákàtí iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Ìrẹsì ni mo ń tà níwájú iléèwé gíga. Tí wọ́n bá ti yanṣẹ́ lódì, ọjà mi kú nìyẹn. Kí ni ìyanṣẹ́lódì ti ṣe fún tálákà rí? (Màmá onírẹsì)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti ṣe é rí. Ní 1945, ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò kúrò lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtàwọn yòókù tí Michael Imoudu jẹ́ aṣíwájú wọn daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù kan lọ, òyìnbó sì pàpà fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni nígbà yẹn, ní 2016 sí 2017, ti Ọ̀yọ́ ń wo Ọ̀ṣun, ti Ọ̀ṣun ń wo Ọ̀yọ́, ta ni àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ yanṣẹ́ lódì fún tó máa gbọ́? Àìmọ ẹni tó ni ín ló ń jà níbẹ̀, ó di 2020 tí Ọ̀ṣun yọwọ́ kí ìyẹn tó rójú. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí nínú ẹgbẹ́ lẹ jìyà ẹ̀ jù, ẹnikẹ́ni ò sì san án padà fún yín, ó yẹ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ máa rántí yín kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù mi, alága ẹ̀ka wa ò ṣírò fún wa rí. Ṣé kí n kúrò ni? (Tíṣà kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Láti 2005 ni òfin ti sọ pé wíwọ ẹgbẹ́ kì í ṣe tipátipá, ẹ lè kúrò. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ jẹ́ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ wò, ọdọọdún ló sì yẹ kí ẹgbẹ́ fi ìṣirò ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà sí sẹ́kítírì, kí tíṣà bíi mẹ́ta mìíràn fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, tí wọn ò bá fèsì, ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀.