Èsì: Mímú màmá lọ sórí Olúmọ láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá màmá yín lè gun àpáta Olúmọ n'Abẹ́òkúta dé òkè. Wọ́n lè gùn ún, bí ẹ bá tètè kúrò n'Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ gba Ṣàgámù, kí oòrùn tó mú. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àtẹ̀gùn ló kù, kí ẹ rọra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kọjá abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830. Ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan ṣì wà lára òkúta níbẹ̀; ibẹ̀ ni ọkàn mi fẹ́ jù. Lókè, ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, títí dé odò Ògùn. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí màmá wọ̀ o.